Ta Ló Ń Kọ Lẹ́tà Rẹ?

Ọmọ mi àkọ́bí,

Ohun tí kò jẹ́ kí n sùn láti ọjọ́ Àìkú nìyí: eékún òsì mi tó ń ro mí, páànù orí ilé ìdáná tí atẹ́gùn fẹ́ ṣí lọ, ilẹ̀kùn ẹ̀yìn tí mo rò pé mi ò tì, tí mo dìde lẹ́ẹ̀mẹta lọ wò, títì ló wà, àti lẹ́tà rẹ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Eékún ti rọlẹ̀. Kápẹ́ńtà ti kan páànù. Ó wá ku lẹ́tà.

Mi ò tíì kí ọ. Ṣé ara le? Ṣé iṣẹ́ ń lọ? Kí Ọlọ́run má jẹ́ kí n gbọ́ búburú nípa rẹ, kí ẹsẹ̀ rẹ má kọ níbi tí ọ̀tá ti ń wò. Àmín. Inú sì ń bí mi o, má rò pé àdúrà yẹn ti pa á.

Àwa ará ilé wà. Àbúrò ìyá rẹ ti gba awò ojú tuntun, ó ti wá ń rí gbogbo ìdọ̀tí tí kò rí tẹ́lẹ̀, kò jẹ́ ká sinmi. Ẹgbẹ́ àwa tí a ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ fi mí ṣe akọ̀wé, wọ́n ní kọ̀ǹpútà ni kí ìwé ìpàdé ti máa jáde. Mo ní ọgbọ̀n ọdún ni mo fi kọ ìwé nílé ìkẹ́rùsí, kò sẹ́ni tó ní òun ò rí ọwọ́ mi kà. Wọ́n ní ayé ti yí. Ni mo bá ń lọ kọ́ ọ lọ́dọ̀ obìnrin atẹ̀wé tó wà ní ìkòríta. Ó ń pè mí ní bàbá mi dáadáa, ṣùgbọ́n tí mo bá tẹ ohun tí kò yẹ, á mí kanlẹ̀ bí ẹni tó ru omi gun òkè.

Ó kọ́ mi ní ohun tí wọ́n ń pè ní tẹ́ńpílétì. Ó ní bíi pépà tí télọ̀ fi ń gé aṣọ ni, a ti gé e sílẹ̀, gbogbo lẹ́tà tí a bá fẹ́ kọ, inú rẹ̀ la ó kàn da ọ̀rọ̀ sí. Èyí tó ṣí fún mi, ẹnì kan ti kọ lẹ́tà sínú rẹ̀, ó ń dúpẹ́ lọ́wọ́ ọ̀gá rẹ̀. Obìnrin yìí ní kí n pa á rẹ́ kí n kọ tèmi. Lẹ́tà ẹni ẹlẹ́ni? Mo kọ́kọ́ tẹ̀ ẹ́ sísàlẹ̀ pé ọ̀gbẹ́ni, ẹ jọ̀ọ́, mo fẹ́ lo ààyè yín, mo sì dúró kó fèsì. Atẹ̀wé ní kò sí ẹnikẹ́ni níbẹ̀. Mo ní ta ló wá ń dúpẹ́? Ó na ọwọ́, ó pa á rẹ́ fúnra rẹ̀.

Ó tún kọ́ mi ní tíìmù. Ìyẹn ni aṣọ tí lẹ́tà ń wọ̀: tẹ ibì kan ṣoṣo, gbogbo àkọlé á pa àwọ̀ dà lẹ́ẹ̀kan náà. Mo bi í pé èwo ni ti ìbínú. Ó ní kò sí. Ti búlúù wà, ti àwọ̀ ewé wà, ti ìbínú kò sí! Àbí àwọn tó ṣe é kò bímọ ni? Mo mú pupa.

Lọ́jọ́ Ẹtì tó kọjá, ó ní kí n mú lẹ́tà kan wá láti ilé kí n fi kọ́ títẹ̀. Mo kó tìrẹ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin wá, èyí tí ò ń fi rán awakọ̀ tó ń kó ẹrù. Obìnrin náà gbé wọn lé ara wọn ní méjì-méjì, ó nà wọ́n sójú fèrèsé. Ọ̀rọ̀ bo ọ̀rọ̀, àmì bo àmì. Déètì nìkan ló yàtọ̀. Ó ní bàbá, tẹ́ńpílétì mà nìyí. Ó rẹ́rìn-ín. Èmi ò rẹ́rìn-ín.

Ó dáa, ká ní iṣẹ́ ló pọ̀ lọ́rùn rẹ. Ṣùgbọ́n ìkẹrin, tó dé lóṣù tó kọjá, tún ní kí n bá ọ kí ìyá àgbà, kí n ní kí wọ́n máa rọra rìn lẹ́nu ọ̀nà tó ń yọ̀. Ìyá mi! Tí a sin lóṣù kẹta! Ìwọ lo di ibi orí pósí mú, èmi di ibi ẹsẹ̀. Níbo ni kí wọ́n ti máa rọra rìn?

Nígbà tí mo rò ó síwájú, ẹ̀rù bà mí. Bí pépà télọ̀ bá lè gé aṣọ láìsí ẹni tó máa wọ̀ ọ́, lẹ́tà lè máa jáde láìsí ìwọ. Mo bi awakọ̀. Ó ní ọwọ́ ẹ̀ṣọ́ ẹnu géètì ilé iṣẹ́ yín lòun ti ń gbà á, pé ó ti tó oṣù mẹ́rin tóun ti fojú kàn ọ́. Fóònù rẹ kò wọlé láti ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Nígbà tó ń wọlé pàápàá, kí n tó kí ọ tán, wàá ní ẹ má bínú bàbá, ìpàdé ni mo wà. Ṣé ìpàdé ọ̀hún kò tíì tú ni? Ta ló ń kọ lẹ́tà rẹ? Ṣé ò ń jẹun? Ṣé o wà?

Ìka méjì ni mo fi ń tẹ èyí, lójú ewé òfìfo. Mo kọ́kọ́ tẹ orúkọ rẹ sókè, ẹ̀rọ sì fa ìlà pupa sábẹ́ rẹ̀. Nílé ìkẹ́rùsí tiwa, ẹni tí wọ́n bá fa ìlà pupa sábẹ́ orúkọ rẹ̀, a ò ní rí i mọ́ lọ́jọ́ kejì. Atẹ̀wé ní ẹ̀rọ ń sọ pé òun ò mọ orúkọ náà ni. Mo ní èmi mọ̀ ọ́n, èmi ni mo sọ ọ́! Mo pa á rẹ́ kíá, ìdí tí o ò fi rí i lókè nìyẹn. Ó fà á sábẹ́ tèmi náà, ìyẹn ò kàn mí.

Kápẹ́ńtà tó wá gba owó páànù lọ́wọ́ mi níbí ń ka gbogbo rẹ̀ láti ẹ̀yìn mi, ó bẹ̀ mí kí n fi pamọ́ bíi tẹ́ńpílétì kóun lè fi ránṣẹ́ sọ́mọ tòun. Mo kọ̀. Kí kálukú fi ẹnu ara rẹ̀ bá ọmọ rẹ̀ wí.

Mi ò béèrè owó, àfi owó ọkọ̀ àbọ̀, torí tàlọ wà lọ́wọ́ mi. Fi bírò kọ̀wé sí mi, kó wọ́ bó ṣe fẹ́ wọ́: kí ni ìyá àgbà máa ń pè ọ́ tí o bá ń sunkún? Ta ló fọ́ dígí aago mi? Tẹ́ńpílétì ò lè mọ ìyẹn. Ní ti ìyá àgbà tí o ní kí n kí, mo dé ibojì wọn, mo jíṣẹ́ rẹ. Kí wọ́n má sùn lórí ọ̀rọ̀ rẹ. Kí ilé rẹ má dàhoro, kí orúkọ rẹ má parẹ́.

Sọ fún ẹ̀ṣọ́ ẹnu géètì pé ìwọ ni mo fẹ́ rí, kì í ṣe ìwé. Bí èsì bá dé, bí kò dé, ọkọ̀ aago mẹ́fà àárọ̀ Ọjọ́bọ̀, ọjọ́ kẹtàdínlógún oṣù yìí, ni mo máa wọ̀.

Bàbá rẹ.