Ìwé Látìn Tí Tíṣà Fi Sílẹ̀

                                        Ilé Kẹtàdínlógún,
                                        Òpópónà Ilé-Ìkàwé.
                                        Ọjọ́ kẹsàn-án, oṣù Kẹfà, 2019.

Ọ̀rẹ́ mi ọ̀wọ́n, Ẹlẹ́yinjú Ẹgẹ́,

Ara ńkọ́? Bàbá àwọn ọmọ ńkọ́? Ṣé orúnkún ìyá yín ti fúyẹ́ díẹ̀? Ara tiwa le, àfi ọmọ mi obìnrin tí eyín ń dùn. Òun náà sì ti ń jẹun báyìí.

Ọ̀rọ̀ Tíṣà Látìn wa ni mo fẹ́ bá ọ sọ. O rántí pé àwọn ni wọ́n ṣe ètò kọ̀ǹpútà tí ilé-ìkàwé tí mo ti ń ṣiṣẹ́ fi ń tọ́jú orúkọ ìwé. Lẹ́yìn tí wọ́n kú, a rí i pé èdè Látìn ni wọ́n fi kọ gbogbo àlàyé rẹ̀. Ọ̀gá mi ní bí oṣù bá parí tí a kò rí i túmọ̀ sí Gẹ̀ẹ́sì fún àwọn tó fẹ́ gbé e sórí ẹ̀rọ tuntun, a ó da ẹ̀rọ àtijọ́ náà nù, tòun ti iṣẹ́ ogún ọdún.

Mo wá ògbufọ̀ títí. Àwọn tó gbọ́ Látìn kò mọ kọ̀ǹpútà. Àwọn tó mọ kọ̀ǹpútà rò pé orúkọ oògùn ni Látìn. Àlùfáà kan tó ti fẹ̀yìn tì gba iṣẹ́ náà tọwọ́tẹsẹ̀, àmọ́ ohun tí wọ́n kọ wá ni pé kí a lu èkúté lẹ́ẹ̀mejì kí ètò náà lè ṣí. Ọ̀gá mi kà á, ó ní, "Ṣé kí n ra oògùn eku sílẹ̀ ni?" Mo rẹ́rìn-ín, torí máòsì kọ̀ǹpútà ni àlùfáà pè ní èkúté, ṣùgbọ́n ojú Tíṣà ni mo ń rí, pẹ̀lú ṣọ́ọ̀kì lápá ẹ̀wù wọn, tí wọ́n ń mú wa pe ọ̀rọ̀ kan náà títí ọ̀fun wa á fi gbẹ. A rò pé ìyà ni nígbà yẹn.

Ẹni tí mo wá rí ni Mo-mọ̀-ọ́n, ọmọbìnrin tó kéré jù ní kíláàsì wa, tí a máa ń fi ṣe yẹ̀yẹ́ pé èdè òkú ló ń kọ́. Ó ti di ẹnjiníà kọ̀ǹpútà. Igi tí a fojú di ni mo wá fi ṣe afárá. Mo kọ́kọ́ bẹ̀ ẹ́ nítorí ti àtijọ́. Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, ẹ gbé ìwé náà wá." Ọjọ́ mẹ́rin ló fi túmọ̀ rẹ̀, kò sì sí èkúté kankan níbẹ̀. Orúkọ ìwé kan ò sọnù.

Ojú ewé tó kẹ́yìn kì í ṣe ọ̀rọ̀ iṣẹ́ rárá. Mo-mọ̀-ọ́n kà á fún mi lórí fóònù. Tíṣà ní àwọn mọ̀ pé a kò fẹ́ràn Látìn, ṣùgbọ́n àwọn mọ̀ọ́mọ̀ fi kọ ọ́ ni, kí a lè ní ìdí láti wá ara wa rí lọ́jọ́ kan.

Ní Sátidé, èmi àti Mo-mọ̀-ọ́n máa lọ kí ìyàwó wọn. Jọ̀ọ́, wá.

Bá mi kí ìyá yín àti àwọn ọmọ, kí o sì fi ọwọ́ kan orí àbíkẹ́yìn fún mi.

Èmi ni tìrẹ láti orí bẹ́ǹṣì ẹ̀yìn,
Adúmáadán