Làálì Lé Mi Kúrò Nídìí Irin

Mọ́ńdè, 10 Nófẹ́ńbà 2025

"Ta ló kun ẹsẹ̀ ẹ báyìí? Ṣé ẹsẹ̀ báléè nìyẹn àbí ẹsẹ̀ ìyàwó? Kúrò nídìí irin!"

Bó ṣe pariwo ẹ̀ gan-an nìyẹn. Ọ̀pá. Màdáámù tó ń kọ́ wa ní báléè, ijó òyìnbó, ni mò ń pè bẹ́ẹ̀, nínú ìwé yìí nìkan o. Irin ara ògiri yẹn la máa ń dì mú jó. Ẹni tí wọ́n bá lé kúrò níbẹ̀, tiẹ̀ tán.

Làálì ni. Àná ni wọ́n so yìgì Àǹtí Àlímọ̀t, ẹ̀gbọ́n mi. Jímọ̀, gbogbo ọmọbìnrin agboolé wa lẹ́yìn Ìgà, ààfin ọba, tò jókòó, wọ́n ń lé e fún wa. Mo ní kí wọ́n fi tèmi mọ lọ́wọ́. Ìyá Àgbà ní, "Ṣé inú ẹ ò dùn sí ẹ̀gbọ́n ẹ ni? Na ẹsẹ̀ jàre." Mo nà á. Dúdú bíi kóró iṣin, dé ọrùn ẹsẹ̀. Mo wọ ìbọ̀sẹ̀ funfun lé e, ó ń yọ. Mo wọ méjì — ó ṣì ń yọ.

Sátidé 22 la máa jó fáwọn àlejò. Àwa mẹ́fà, ẹni méjì ni àwọn àlejò yẹn máa mú. Àwọn méjì yẹn lè lọ kọ́ ijó ní Lọ́ńdọ̀nù. Torí ẹ̀ ni mo ṣe fi ilé ìwé sílẹ̀ ní JSS 2. Àtàárọ̀ dalẹ́, ijó.

Àlàmísì, 13

Ọsàn wẹ́wẹ́. Iyọ̀. Kànìnkànìn. Awọ ń bó, làálì ò lọ.

Jímọ̀, 14

Ọ̀pá pè mí. Mo rò pé ó fẹ́ dá mi padà sídìí irin ni. Ó ní mo lẹ́nu, kí n bá àwọn àlejò sọ̀rọ̀: bí báléè ṣe ń múni gbára dì fún ayé. Ó ti kọ ọ́ sílẹ̀. Ìfaradà. Ìgboyà. Mo ní, "Ẹ jọ̀ọ́ mà, ṣé màá jó?" Ó ní, "Sọ̀rọ̀ ná." Khairiyyah tí wọ́n fi rọ́pò mi ní, "Ẹ kú wáàsí o, Àlùfáà." Gbogbo wọn rẹ́rìn-ín. Ọ̀rẹ́ mi nìyẹn.

Túsìdeè, 18

Wọ́n ti ń pe Mọ́mì ní Ìyá Lọ́ńdọ̀nù lọ́jà Èbúté Èrò. Ó ń dá wọn lóhùn. Mi ò lè sọ fún un pé wọ́n ti lé mi nídìí irin.

Sátidé, 22

Mo sọ̀rọ̀, wọ́n pàtẹ́wọ́. Khairiyyah àti Fìyìnfólúwa, tá a jọ ń jó, ni wọ́n mú.

Àlàájì kan nínú àwọn àlejò bi mí pé kíláàsì wo ni mo wà. Kí n tó lanu, Ọ̀pá ní, "Wọ́n ń kàwé nírọ̀lẹ́, sà." Irọ́. Ọdún mẹ́ta, mi ò ṣí ìwé ìṣirò. Mo rẹ́rìn-ín. Ohun tí wọ́n kọ́ mi nìyẹn: ibi tó bá ti ń dunni, ibẹ̀ la ti ń rẹ́rìn-ín. Ọ̀pá ní kí n máa bọ̀, pé èmi ni wọn yóò máa fi ṣáájú àlejò. Kò dárúkọ ijó rárá.

Sọ́ńdè, 23

Lọ́la, màá gbé báàgì ijó jáde bíi ti tẹ́lẹ̀. Mọ́mì á ní kí Ọlọ́hun ṣọ́ mi, màá ní àmín. Ọ̀nà Adéníji Adélé ni màá gbà, sí ilé ìwé ìjọba tí mo fi sílẹ̀. Màá ní kí wọ́n fi mí sí JSS 3, èmi ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógún, láàárín àwọn ọmọ kékeré. Tí wọ́n bá lé mi, màá padà lọ síbẹ̀ ní Túsìdeè. Ẹnikẹ́ni ò ní gbọ́ ọ lẹ́nu mi. Mọ́mì gan-an ò ní gbọ́.