Fóònù Ọmọ-Ọmọ Yín

Bàbá mi ọ̀wọ́n,

Òjò ńlá rọ̀ sí ọjà Kaneshie ní Accra níbí láàárọ̀ yìí, oníbàárà ò sì jáde. Mo jókòó láàárín ìdì aṣọ àti páálí ọṣẹ, mò ń wo omi tó ń ṣàn níwájú ìsọ̀ mi, ọ̀dọ̀ yín ni ọkàn mi lọ. Bí ẹ bá wà láyé ni, ẹ̀ bá ti pè mí láti béèrè bóyá ẹsẹ̀ mi gbẹ. Kí ló dé tó jẹ́ ẹsẹ̀ nìkan lẹ máa ń béèrè, tí ẹ kì í béèrè orí? Mi ò bi yín rí. Mo kàn máa ń ní ó gbẹ, kódà nígbà tí omi bá ti dé ọrùn ẹsẹ̀ mi.

Gbogbo wa wà dáadáa. Ọ̀dọ̀ mi ni Ìyá ń gbé báyìí. Àràárọ̀ ni wọ́n ń jẹ ìrẹsì àti ẹ̀wà tí wọ́n ń pè ní waakye níbí, bó bá sì di ọ̀sán wọn á ní ẹnikẹ́ni ò fún àwọn ní oúnjẹ látàárọ̀. Ilé-kéú yín ní Kokomlemle ṣì wà. Ọ̀kan nínú àwọn tí ẹ kọ́ ló ń kọ́ àwọn ọmọ níbẹ̀, bí ẹ ṣe máa ń fa ohùn lòun náà ń fà á, bí mo bá ń kọjá mo máa ń dúró díẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri.

Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ Ràfíátù ni mo fẹ́ bá yín sọ. Nígbà tí ẹ lọ, ọmọ tó ń fa irùngbọ̀n yín ni. Ó ti ga jù mí lọ báyìí. Gbogbo Yorùbá tí a bá sọ nínú ilé ló gbọ́, àmọ́ Twi tàbí Gẹ̀ẹ́sì ló fi ń dáhùn. Bí mo bá ní kó lọ bu omi wá, á bu ú wá kíákíá, á wá fi Twi sọ fún mi pé omi inú àgbá ti fẹ́ẹ́ tán.

Nígbà tí ilé-ẹ̀kọ́ rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í fi iṣẹ́ àṣetiléwá ránṣẹ́ sórí fóònù, ọkọ mi ra ọ̀kan fún un. Ẹ̀rù kọ́kọ́ bà wá. Lẹ́yìn náà ilé dákẹ́, kò sí ariwo, kò sí ẹjọ́, ìdákẹ́jẹ́ náà sì dùn mọ́ wa débi pé a gbàgbé ẹ̀rù. A rò pé ìwé ló ń kà.

Ó wá di ọjọ́ kan, obìnrin kan tí mi ò rí rí wá sí ìsọ̀ mi. Kó tó dé ọ̀dọ̀ mi ló ti ń rẹ́rìn-ín. Ó fi Twi kí mi, ó fi Anago tí wọ́n ń pe àwa Yorùbá níbí pè mí, ó ní, “Ìyá Anago, ìwọ ni mò ń wá. Ṣé ìwọ ni ìyá tó ń bá ọṣẹ jà?”

Ẹ mọ̀ pé mo máa ń sọ̀rọ̀ bí mo bá ń to ọjà. Mo máa ń sọ fún ọṣẹ pé kó dúró dáadáa, kó má fi ìdí lé ẹnìkejì rẹ̀ lórí. Ọ̀dọ̀ yín ni mo ti kọ́ ọ, ẹ̀yin tí ẹ máa ń bá bàtà yín wí bí ẹ ò bá rí ẹyọ kan. Mi ò mọ̀ pé ẹnì kan ń wò mí. Obìnrin náà na fóònù rẹ̀ sí mi, ni mo bá rí ara mi, gèlè mi ti wọ́ sí ẹ̀gbẹ́ kan, mò ń na ìka sí páálí ọṣẹ bí ẹni pé ó jalè. Ràfíátù ti ń ká mi sínú fídíò láti ẹ̀yìn ìsọ̀ bó bá ti ilé-ẹ̀kọ́ dé, ó sì ń gbé e sórí íńtánẹ́ẹ̀tì. Gbogbo Accra ló ń fi mí rẹ́rìn-ín, èmi nìkan ni mi ò gbọ́.

Obìnrin náà ra ọṣẹ púpọ̀, kí n má purọ́. Ṣùgbọ́n ojú tì mí. Nígbà tí mo délé, mo gba fóònù náà, mo tì í mọ́ inú àpótí aṣọ mi. Ọkọ mi ní kí n tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀ bí aáyán. Ràfíátù ò sunkún, kò bẹ̀bẹ̀. Ó ń kí wa láàárọ̀, ó ń kí wa nírọ̀lẹ́, kò sì sọ nǹkan mìíràn. Ìdákẹ́jẹ́ yẹn ò dùn mọ́ mi.

Kò pẹ́ tí mo fi gbọ́ ohùn ara mi láti iwájú ilé. Àǹtí Akua tó ń ta kẹ́ńkì, ẹ̀kọ àgbàdo wọn, lẹ́nu ọ̀nà wa ló jókòó, Ràfíátù fara tì í léjìká, àwọn méjèèjì ń wo fóònù Akua, mò ń bá ọṣẹ jà nínú rẹ̀. Akua rí mi, ó ní kí n wá wo ara mi, pé òun ò mọ̀ pé mo lè pani lẹ́rìn-ín báyẹn. Mo dúró síbẹ̀ bí ẹni tó ti ilẹ̀kùn iwájú tó gbàgbé ti ẹ̀yìn. Fóònù ọmọ mi wà nínú àpótí, ayé tó wà nínú fóònù ò sí níbẹ̀.

Ìgbà yẹn ni mo bi ara mi pé kí lẹ̀ bá ṣe. Ẹ rántí nígbà tí àwọn àlùfáà ẹgbẹ́ yín ń wàásù pé fèrèsé Ṣàtánì ni tẹlifíṣọ̀n. Ẹ̀yin lọ ra ọ̀kan. Ẹ ní bí Ṣàtánì bá máa gba ibẹ̀ wọlé, kó bá yín níjòókòó. Ẹ ò fi wá sílẹ̀ pẹ̀lú ẹ̀ rí. Orí ẹní kan náà lẹ máa ń bá wa jókòó sí, tẹ̀sùbáà lọ́wọ́ yín, bí obìnrin tí kò wọṣọ dáadáa bá sì jáde, ẹ̀ẹ́ bọ́ fìlà yín, ẹ̀ẹ́ fi bo ojú tẹlifíṣọ̀n. Fìlà náà ò bo gbogbo rẹ̀. A máa ń rí ẹsẹ̀ níhìn-ín, a máa ń rí apá lọ́hùn-ún. Ẹ mọ̀ pé a ń rí i, àbí ẹ ò mọ̀?

Bí gbogbo rẹ̀ bá parí, ẹ̀ẹ́ bi wá ní ìbéèrè kan. Kí ni ẹni yìí ń fẹ́ gbà lọ́wọ́ yín? Ẹni tó ń polówó bọ́tà ń fẹ́ gbowó. Olórin ń fẹ́ kí a pàtẹ́wọ́. Olóṣèlú ń fẹ́ ìbò, a ò tí ì tó dìbò, ó ti ń fẹ́ ẹ. A rò pé eré ni. A máa ń du ẹni tó máa kọ́kọ́ dáhùn. Ta ló kọ́ yín ní ọgbọ́n yẹn, Bàbá, ẹ̀yin tí ẹ ò tilẹ̀ bá tẹlifíṣọ̀n nílé bàbá tiyín?

Ní ọ̀sán ọjọ́ Àìkú, mo gbé fóònù jáde láti inú àpótí, mo lọ jókòó sí ẹ̀gbẹ́ ọmọ mi lórí ibùsùn rẹ̀. Mo ní kó fi gbogbo ẹ̀ hàn mí.

Ó fi Twi bi mí pé, “Màámi, ṣé ẹ fẹ́ pa wọ́n rẹ́ ni?”

“Mo fẹ́ wò ó. Ṣebí èmi ni mo wà nínú rẹ̀.”

A wò ó títí. Mo kọ́kọ́ fajú ro, àmọ́ nígbà tó kan ibi tí mo ti ń kọ́ awakọ̀ trotro kan, dánfó ti ibí, bí wọ́n ṣe ń kí èèyàn ẹ kú iṣẹ́, tí ọkùnrin náà ń pè é bí orúkọ ọbẹ̀, ẹ̀rín já mọ́ mi lẹ́nu. Mo ní kó jẹ́ kí n ka ohun tí àwọn èèyàn kọ sábẹ́ rẹ̀. Àwọn kan ń ṣàdúrà fún mi. Àwọn mìíràn ní kí Anago máa lọ sílé wọn. Bàbá, lábẹ́ èébú kọ̀ọ̀kan, Ràfíátù ti dá wọn lóhùn. Kò fi Twi dá wọn lóhùn, kò fi Gẹ̀ẹ́sì. Yorùbá ló kọ, láìsí àmì kankan lórí rẹ̀: Iya mi ni. E ma bu won.

Ṣé mo ti ń fọ́nnu pé mo mọ ohun tó wà nínú ọmọ yìí?

Mo wá sọ ohun tó dùn mí fún un, pé kì í ṣe ẹ̀rín àwọn èèyàn, bí kò ṣe pé kò bi mí kó tó ká mi. Ó ní kí n má bínú. Fídíò kan tún wà níbẹ̀ tó fi ẹnu ọ̀nà ilé wa hàn kedere, òun náà nìyẹn nínú aṣọ ilé-ẹ̀kọ́ rẹ̀. Mo bi í pé ẹni tí a ò mọ̀ rí, bó bá rí èyí, kí ló lè fẹ́ gbà lọ́wọ́ wa? Ó wò ó, ó tún un wò. Òun fúnra rẹ̀ ló pa á rẹ́. Láti ọjọ́ náà ni a ti fẹnu kò pé kò ní ká ẹnikẹ́ni láìgbàṣẹ, kò ní fi ilé tàbí ilé-ẹ̀kọ́ hàn, pálọ̀ ni fóònù á máa sùn, èmi náà á sì máa bá a jókòó kó kọ́ mi bí wọ́n ṣe ń lò ó. Ọkọ mi ní ọmọ ti sọ mí di ọmọdé. Kò pé ọ̀sẹ̀ kan lẹ́yìn náà tó ń béèrè ìdí tí òun ò fi sí nínú fídíò kankan.

Nǹkan kan ṣẹlẹ̀ lẹ́yìn ìyẹn tí mo fẹ́ kí ẹ gbọ́. Mò ń se ọbẹ̀ lọ́wọ́ ìrọ̀lẹ́ nígbà tí Ràfíátù wọ ilé ìdáná, ó na fóònù síwájú bí ohun tó ń rùn. Ẹnì kan tó pe ara rẹ̀ ní ọmọbìnrin ẹgbẹ́ rẹ̀ ti ń bá a sọ̀rọ̀ dídùn láti ọjọ́ mélòó kan, ó ń yìn ín, ó ní ọ̀rẹ́ ni wọ́n. Ó wá ní kó ya fọ́tò ara rẹ̀ láìsí ìborí, kó bọ́ ẹ̀wù òkè pẹ̀lú, kó má sì jẹ́ kí ìyá rẹ̀ mọ̀.

“Màámi,” ó ní, ní Yorùbá gbọnrangandan, “kí ni ẹni yìí ń fẹ́ gbà lọ́wọ́ mi?”

Mi ò pariwo mọ́ ọn. Mo gbá a mọ́ra pẹ̀lú ọwọ́ tó kún fún ata, mo ní ó ṣeun tó sọ fún mi. A tọ́jú ọ̀rọ̀ náà fún ẹ̀rí, a dí ọ̀nà mọ́ ẹni náà, ọjọ́ kejì ni mo mú un lọ bá olùkọ́ rẹ̀. Ọmọ mìíràn wà nínú kíláàsì tí ẹni yẹn ti ń bá sọ̀rọ̀, tí kò tí ì sọ fún ẹnikẹ́ni. Olùkọ́ pe àwọn òbí, wọ́n sì mú ọ̀rọ̀ náà dé ọ̀dọ̀ ọlọ́pàá. Ọkọ mi fẹ́ fi sípánà wá ẹni náà káàkiri Accra, a bẹ̀ ẹ́ kó tó jókòó. Ọbẹ̀ ọjọ́ náà jóná pátápátá. A jẹ ẹ́ bẹ́ẹ̀, Ìyá nìkan ló ṣàròyé.

Ọjọ́ Jímọ̀ tó kọjá, Ràfíátù bi mí pé báwo ni ohùn bàbá mi ṣe rí. Ó wá inú fóònù gbogbo wa, kò rí yín níbì kankan. Fọ́tò wà, ohùn ò sí. Ó dùn mí pé a ò ronú rẹ̀ nígbà náà. Mo wá ní kó gbé fóònù tirẹ̀ sókè. Mo hú ikọ́ bí ẹ ṣe máa ń hú u kí ẹ tó pe ẹnikẹ́ni nínú ilé, mo fa ohùn náà jáde láti ìsàlẹ̀ àyà, mo pe Ìyá ní oríkì wọn, “Àṣàkẹ́ o, Àṣàkẹ́ mi.”

Láti inú yàrá ni Ìyá ti dáhùn. “Mò ń bọ̀, Àlùfáà.”

Ìyá jáde wá, wọ́n ń so ìró wọn, wọ́n wò mí, wọ́n wo fóònù. Wọ́n wá bẹ̀rẹ̀ sí í rẹ́rìn-ín, wọ́n rẹ́rìn-ín títí wọ́n fi jókòó sílẹ̀, wọ́n ń fi etí ìró nu ojú, wọ́n ní kí n tún un pè lẹ́ẹ̀kan sí i. Mo tún un pè. Wọ́n tún jẹ́ ẹ.

Mo bi Ràfíátù bóyá ó máa gbé e sórí íńtánẹ́ẹ̀tì, torí mo mọ̀ pé gbogbo Accra ló máa fẹ́ ẹ. Ó gbé fóònù náà mọ́ àyà.

“Rárá, Màámi,” ó ní. “Tiwa lèyí.”

Èmi ni,
ọmọbìnrin yín, tó ń fi ìfẹ́ jẹ́ ìpè yín títí dòní.