Fọ́ọ̀mù Tí Mo Rán Bébà Mọ́

Àbíkẹ́yìn mi,

Mo kí ọ, mo kí iṣẹ́, mo kí wàhálà ọ̀nà. Orí tí mo fi bí ọ yóò máa ṣọ́ ọ lọ, yóò máa ṣọ́ ọ bọ̀. Ara mi le, àfi orúnkún ọ̀tún tó ń ké bí ilẹ̀kùn nígbà tí mo bá ń tẹ ẹ̀rọ ìránṣọ.

Mo rí lẹ́tà rẹ. O ní iṣẹ́ rẹ jẹ́ lukiratíìfù, tèmi kì í ṣe bẹ́ẹ̀, kí n ti ṣọ́ọ̀bù pa, kí n wá jókòó lọ́dọ̀ rẹ. Èèyàn kì í bínú sí ohun tí kò yé e, ni mo bá gbé e lọ bá bàbá tíṣà tí mo máa ń bá gé ṣòkòtò. Wọ́n ṣí ìwé atúmọ̀ èdè, wọ́n ní iṣẹ́ tó ń mú èrè wá ni. Inú èdè Látìn àtijọ́ ni ọ̀rọ̀ náà ti ṣẹ̀, èrè ló jẹ́ níbẹ̀, kí Gẹ̀ẹ́sì tó yá a. Mo bi wọ́n bóyá Gẹ̀ẹ́sì ti dá a padà, wọ́n ní àwọn tó ni ín ti kú tipẹ́. Àánú wọn ṣe mí. Ṣé iṣẹ́ tó pé ni o kò kúkú lè kọ?

Fọ́ọ̀mù báǹkì tí o fi há inú lẹ́tà, tí o ní kí n fi mọ̀ bóyá iṣẹ́ mi pé, tún ń béèrè èrè mi lóṣù. Mo kọ ọ́ pé nígbà tí mo dùbúlẹ̀ àìsàn, nọ́ọ̀sì tí mo rán yunifọ́ọ̀mù fún ló ń wá gún mi lábẹ́rẹ́, káfíńtà tí mo rán aṣọ ọmọ rẹ̀ ló tún òrùlé ṣe, ìyá òdìkejì ọ̀nà tí mo kàn ń bá rán bọ́tìnnì ló ń gbé omi gbígbóná wá. Àyè tí wọ́n fi sílẹ̀ kò gbà á, ni mo bá gé bébà, mo rán an mọ́ ọn, mo ṣẹ́ etí rẹ̀ dáadáa. Nígbà tí mo mú un dé báǹkì, ẹ̀rọ wọn tó ń gbé ìwé mì kọ́ òwú, ó sì dákẹ́. Ọ̀gá wọn wá fúnra rẹ̀. Ó ka ìwé náà tán, ó ní kò sí ibi tí wọ́n ń kọ irú èrè yẹn sí ní báǹkì àwọn, ó wá ní ṣé mo lè bá òun tú ìbàdí ṣòkòtò òun. Mo kọ òun náà kún un.

Nítorí náà, mi ò ní ti ṣọ́ọ̀bù pa. O máa ń jáde kílẹ̀ tó mọ́. Ta ni yóò gbé omi gbígbóná wá fún mi níbẹ̀?

Fi owó ránṣẹ́, owó epo ẹ̀rọ àti ti awò ojú. Owó ọkọ̀ náà wà níbẹ̀, ṣùgbọ́n má fi ìyẹn ránṣẹ́, ìwọ ni kí o fi wọkọ̀ wálé. Wọ́n ní ọmọ lèrè. Ọdún kẹta rèé tí mo ti fojú kan èrè mi gbẹ̀yìn.

Iṣẹ́ ọwọ́ rẹ á pé, ẹsẹ̀ rẹ á sì rántí ọ̀nà ilé.

Èmi ni, ìyá rẹ.