Ẹni Tó Ń Súfèé Sí Fáólìn Rẹ

Ọmọ mi ọ̀wọ́n,

Ṣé dáadáa lo wà? Ṣé ara le, ṣé iṣẹ́ ń lọ? Òrùlé tí o sùn sábẹ́ rẹ̀ kò ní jò lé ọ lórí, àwọn tí o ń bá rìn kò sì ní ṣì ọ́ lọ́nà. Àwa náà wà. Òjò ti bẹ̀rẹ̀, ibi tó ń jò ní ẹ̀yìnkùlé ti di dídí, ọkọ mi ló gun òrùlé lọ dí i.

Mo ti kọ "ọkọ mi" báyìí, ojú sì ń tì mí. Pẹ̀lú ewú orí mi yìí, àwọn aládùúgbò ń kí mi ní "ìyàwó", bí mo bá sì ti gbọ́ ọ, ńṣe ni mo máa ń yára wọlé bí ẹni tó gbàgbé nǹkan sórí iná. Télọ̀ náà ni, èyí tó ń rán aṣọ ilé-ìwé rẹ nígbà tí o wà ní kékeré. Èèyàn jẹ́jẹ́ ni.

Mo rí orin jáàsì tí o fi fáólìn ta, tí o fi ránṣẹ́ sínú fóònù mi. Ojoojúmọ́ ni mo ń tẹ̀ ẹ́, ṣùgbọ́n mo máa ń ṣọ́ra, n kì í tẹ̀ ẹ́ láàárọ̀ tí o bá ń múra ibi iṣẹ́, n kì í sì í tẹ̀ ẹ́ lásìkò oúnjẹ. Lọ́jọ́ tí àbúrò mi wá kí wa ni mo tẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀mejì léra. Má bínú, mo mọ̀ pé apá á ti máa ro ọ́.

Ohun kan wà tí mo fẹ́ sọ, má jẹ́ kó dùn ọ́. O ní wọn kì í ta jáàsì bákan náà lẹ́ẹ̀mejì, pé kálukú a máa dá àrà tirẹ̀ sí i bó bá ṣe ń wá sí i lọ́kàn. Ọmọ mi, bákan náà lò ń ta á láti ọjọ́ yìí. Ibi tí o ti wúkọ́ lánàá, ibẹ̀ náà lo tún ti wúkọ́ lónìí. Ó dà bíi pé olùkọ́ tó ń kọ́ ọ ní fáólìn kò tíì kọ́ ọ débi àrà. Jọ̀wọ́, lo oògùn sí ikọ́ náà.

Télọ̀ ló ń dá àrà nínú ilé yìí. Bí mo bá ti tẹ̀ ẹ́, ẹsẹ̀ rẹ̀ lórí maṣíìnì á máa tẹ̀lé ọ. Ibi tí o bá ti dákẹ́ díẹ̀, ibẹ̀ ni yóò ti súfèé wọlé. Lọ́jọ́ kan á fà á gùn bí ẹni ń fa òwú gba ojú abẹ́rẹ́, lọ́jọ́ kejì á máa gé e ní kéékèèké. Lánàá ó fi ṣe ẹ̀fẹ̀ débi pé oníbàárà tó wá wọn ṣòkòtò bú sẹ́rìn-ín, wọ́n sì ní láti tún un wọ̀n. Mo bi í pé níbo ló ti kọ́ ọ. Ó ní òun ò kọ́ ọ níbì kankan, pé ọmọ náà ló ń bá òun sọ̀rọ̀, òun sì ń dá a lóhùn.

Mo wọ yàrá lọ, mo jókòó. Láti ìgbà tí a ti ṣe ìgbéyàwó, o ti béèrè nípa ewúrẹ́, o ti béèrè nípa òrùlé, o ò tíì béèrè nípa ọkọ mi. Kò ráhùn o, èmi ni mo ń kíyè sí i. N ò ní kí o pè é ní bàbá. Àwòrán bàbá rẹ ṣì wà lára ògiri, télọ̀ fúnra rẹ̀ ló ń nù ún. Ṣùgbọ́n ìwọ lo kọ̀wé pé olùkọ́ rẹ ní kí o máa gbọ́ ti ẹnì kejì kí o tó ta tìrẹ. Ẹnì kejì wà níbí.

Fi owó káàdì ránṣẹ́, àti owó epo maṣíìnì. Ọkọ mi ní kí n má tọrọ nǹkan lọ́wọ́ rẹ, ṣùgbọ́n òun kọ́ ló bí ọ.

Ọlọ́run tó fún ọ ní ọwọ́ yóò fún ọ ní etí. Lọ́la, tí mo bá palẹ̀ oúnjẹ ọ̀sán mọ́, n ó tún tẹ̀ ẹ́. Bí o bá débi tí o máa ń dákẹ́ sí, jọ̀wọ́, dúró díẹ̀ sí i, kí télọ̀ lè parí ọ̀rọ̀ rẹ̀.

Èmi ni ìyá rẹ.