Ẹgbẹ́ Ìkòkò Tó Fẹ́ Jogún Mi

Tafo, Kumasi,
Ọjọ́ Ajé, nínú oṣù kọkànlá.

Ayọ̀kànmí ọmọ mi, Àwẹ̀ró,

Báwo ni Accra? Báwo ni iṣẹ́, báwo ni òòrùn ibẹ̀, báwo ni ọ̀gá rẹ tí kì í fún èèyàn láyè? Mo kí ọ tọwọ́tẹsẹ̀. Ọlọ́run tó mú ọ kúrò ní Tafo débẹ̀ láìsí ewu kò ní gbàgbé rẹ síbẹ̀. Oúnjẹ kò ní wọ́n ọ, omi kò ní gbẹ nílé rẹ, ẹni tó bá ń wá ibi tí wàá ti ṣubú, á wá a títí bàtà ẹ̀ á fi já. Ibi tí o kà dé yìí, dúró kí o ṣe àmín kí o tó máa bọ̀, nítorí èmi ti ṣe tèmi níbí, ó ku tìẹ.

Ara mi le, àfi orúnkún ọ̀tún tó ń ṣe bí ẹni pé kì í ṣe ara mi. Efua tó gba yàrá iwájú kí ọ. Ó ti bímọ, ọkùnrin, orí ọmọ náà tóbi bíi ti bàbá rẹ̀, ṣùgbọ́n a kò sọ fún un. Efua yìí náà ló ń bá mi wò ọ́ nínú fóònù rẹ̀. Ní oṣù mélòó kan sẹ́yìn ló sọ pé wọ́n kọ ọ́ síbẹ̀ pé aago mẹ́fà ààbọ̀ àárọ̀ ni wọ́n rí ọ gbẹ̀yìn. Mo ní ta ló rí ọ? Ó ní fóònù ni. Mo ní kí ó jọ̀ọ́, kí ó bá mi bi fóònù náà bóyá o rù. Efua rẹ́rìn-ín títí ọmú fi bọ́ lẹ́nu ọmọ. Láti ìgbà náà, kí n tó fọ ẹnu láàárọ̀ ni mo máa ń kan ilẹ̀kùn rẹ̀ pé ṣé wọ́n ti rí ọmọ mi lónìí. Bí ó bá ní wọ́n ti rí ọ, ọkàn mi á balẹ̀, mo máa lọ wá ògì mu. Kí n má purọ́ fún ọ, mo ń jowú fóònù náà, nítorí èmi tí mo bí ọ kò rí ọ láti ọdún mẹ́rin sẹ́yìn tí a ti sin ìyá rẹ, ọjọ́ méjì péré lo sì lò nígbà náà.

Owó tí o fi ránṣẹ́ lóṣù tó kọjá tẹ̀ mí lọ́wọ́. Ọmọbìnrin inú kíóósì tí a ti ń gba owó tí wọ́n fi fóònù ránṣẹ́, èyí tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ àwọn ẹlẹ́ja yíyan, ló kà á fún mi. Ṣùgbọ́n nígbà mìíràn, jọ̀ọ́, máa yan owó tó mọ́ kí o tó fi ránṣẹ́. Ogún sídì kan nínú rẹ̀ ti ya dé àárín, wọ́n fi sẹ́lótéèpù dì í, kò sì yẹ ọmọ tó ń ṣiṣẹ́ ní ọ́fíìsì kó máa kó irú èyí sínú fóònù. Mo gbé e sí imú, mo ní bóyá òórùn ọwọ́ rẹ á ṣì wà lára rẹ̀. Ẹja ló ń rùn. Inú mi dùn, mo ní ọmọ mi ń jẹ ẹja, ọpẹ́ ni fún Ọlọ́run.

Wàyí o, ọ̀rọ̀ tó jẹ́ kí n jókòó kọ̀wé nìyí, fara balẹ̀ kà á. Ní nǹkan bí oṣù mẹ́ta sẹ́yìn, àwọn kan wá sí ṣọ́ọ̀ṣì wa lẹ́yìn ìsìn. Ẹgbẹ́ Ìkòkò ni mò ń pè wọ́n, nítorí orúkọ wọn gùn, Gẹ̀ẹ́sì sì ni. Iṣẹ́ wọn ni kí wọ́n máa yí ọjà Kejetia ká nírọ̀lẹ́, wọ́n á gba iṣu, tòmátì àti ọ̀gẹ̀dẹ̀ tí àwọn ọlọ́jà kò rí tà, wọ́n á sè é, wọ́n á fún àwọn ọmọbìnrin alábàárù tó ń sùn sínú ọjà àti àwọn arúgbó tí kò lẹ́ni. Ọmọbìnrin kan tó ń jẹ́ Hamdia ló ṣáájú wọn. Mùsùlùmí ni, ṣùgbọ́n ó kí wa dáadáa, Twi rẹ̀ sì dùn létí. Ó ní èèyàn lè ṣe ìrànlọ́wọ́ nígbà tó wà láàyè, ó sì tún lè kọ ọ́ sínú ìwé ogún rẹ̀ pé bí òun bá lọ tán, kí wọ́n mú lára ohun tí òun fi sílẹ̀ fi sè fún ẹni tí ebi ń pa.

Gbogbo ṣọ́ọ̀ṣì bẹ̀rẹ̀ sí í kó Bíbélì wọn. Ta ló ń sọ̀rọ̀ ikú fún èèyàn lọ́jọ́ Ìsinmi, tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ jó ijó ọpẹ́ tán? Ìyá Ìjọ dìde, wọ́n ní àwọn ń lọ tọ̀, wọn kò sì padà wá mọ́. Èmi nìkan ni mo nawọ́.

Ìdí tí mo fi nawọ́, n kò sọ ọ́ fún ọ rí. Ní 1983 tí ebi mú gbogbo Ghana, ìwọ kò tíì sí láyé nígbà náà. Èmi àti ìyá rẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ fẹ́ra, kò sẹ́ni tó ń ní kí n bá òun kan tábìlì, nítorí kò sóhun tí wọ́n fẹ́ gbé ka orí tábìlì. Eegun ọrùn ìyá rẹ yọ síta. Obìnrin Asante kan wà lójúlé kejì, Maame Akua, ó ní oko kókò díẹ̀ lẹ́yìn ilé. Ó bí ọmọ márùn-ún, síbẹ̀ oṣù mẹ́ta gbáko ló fi ń bu kókò sísè fún wa láràárọ̀. Ebi kì í wọ inú kí ọ̀rọ̀ mìíràn wọ̀ ọ́, a kì í lè sọ ju ẹ ṣeun lọ. Nígbà tí nǹkan rọ̀, mo kan àpótí kan tó dára, mo gbé e lọ fún un. Ó kọ̀ ọ́. Ó ní òun kò ta kókò fún mi, kí n lọ wá ẹlòmíràn tí ebi ń pa kí n fún un. Ó ti kú, kí Ọlọ́run tẹ́ ẹ sí afẹ́fẹ́ rere, èmi kò sì tíì wá ẹnikẹ́ni.

Mo wá sọ fún Hamdia pé ilé tí mo wà yìí, ti Ayọ̀kànmí ni, kí ẹnikẹ́ni má fọwọ́ kàn án. Ṣùgbọ́n ṣọ́ọ̀bù káfíńtà mi ní Anloga Junction, ilẹ̀ rẹ̀, páànù orí rẹ̀ àti ẹ̀rọ tí mo fi ń la pákó, kí Ẹgbẹ́ Ìkòkò jogún rẹ̀. Wọ́n mú agbẹjọ́rò kan tó ń jẹ́ Kwaku wá sílé, ọmọdé tó mọ̀wé, ó gbé ìwé jáde. Ó bi mí ní ohun tí mo ní, mo sọ gbogbo rẹ̀, títí dórí adìyẹ tó sàba. Nígbà tí a dé ìsàlẹ̀, ó ní kí n kọ déètì síbẹ̀. Mo ní rárá o, Ọlọ́run nìkan ló mọ ọjọ́ náà, àmọ́ tí wọ́n bá fẹ́ gbọ́ tẹnu mi, kó má jẹ́ ìgbà Kérésìmesì, nítorí owó ọkọ̀ máa ń wọ́n, èèyàn kò sì ní pọ̀ níbi ìsìnkú. Kwaku ní déètì ọjọ́ tí mo bá fọwọ́ sí ìwé ni. Mo ní kí ló dé tí kò tètè sọ bẹ́ẹ̀.

Bí wọ́n ṣe lọ tán, mo bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe ohun tó yẹ kí bàbá ṣe. Ìwọ náà mọ̀ pé nílé wa, ẹni tó bá jogún èèyàn, ọmọ rẹ̀ ni, ọmọ ló sì ń sin bàbá. Ní ọjọ́ kejì mo wọ ọkọ̀ tòrótòró lọ sí ọ́fíìsì wọn, mo sọ fún wọn pé orúnkún ń dùn mí, nítorí ó yẹ kí ọmọ gbọ́. Wọ́n fún mi ní omi mu. Ní ọ̀sẹ̀ kejì mo tún lọ, mo ní iyọ̀ tán nílé. Ní ẹ̀ẹ̀kẹta ni mo bi wọ́n pé nínú wọn, ta ni yóò kọ́kọ́ da yẹ̀pẹ̀ sórí pósí mi, kí n lè mọ ojú rẹ̀. Wọ́n wo ara wọn. Wọ́n pe Kwaku, ó jókòó tì mí, ó ní Baba, ẹgbẹ́ máa ń jogún, ṣùgbọ́n kì í sìnkú. Mo ní irú ọmọ wo nìyẹn? Ó ní láàárín àwọn Asante tiwọn, ọmọ tí arábìnrin ọkùnrin bá bí ló ń jogún ọkùnrin náà, kì í ṣe ọmọ tí òun fúnra rẹ̀ bí, nítorí náà kí n má jẹ́ kó yà mí lẹ́nu. Mo bi í bóyá ọmọ arábìnrin náà máa ń wá kí ẹni tó fẹ́ jogún. Ó ní ó máa ń wá. Mo ní ó kúkú sàn ju ẹgbẹ́ yín lọ.

Ojú tì mí nígbà tí mo délé. Àwọn àgbà ní ọmọ kò láyọ̀lé, ẹni ọmọ sin ló bímọ, mo sì jókòó sórí bẹ́ẹ̀dì, mò ń ro ó. Ṣùgbọ́n ní Sátidé tó tẹ̀ lé e, mo gbọ́ sálámù lẹ́nu ọ̀nà. Hamdia ni, ó gbé ìrẹsì àti ọbẹ̀ dání, ó tún ra iyọ̀. Láti ìgbà náà, ọ̀sẹ̀ méjì-méjì ló ń wá. Ó ń sọ fún mi pé òṣìṣẹ́ ni òun, òun kì í ṣe ọmọ, mo ní mo ti gbọ́, mo sì ti fún un ní oríkì, Àbẹ̀ní. Má jowú. Bí ó bá jókòó, mo máa ń gbàgbé ara mi, mo máa ń pè é ní Àwẹ̀ró. Ó máa ń jẹ́ mi lóhùn.

Òun ló ní kí n sọ fún ọ, kó má lọ jẹ́ pé lẹ́yìn mi lo máa gbọ́. Ó ní kí n pè ọ́ lórí fóònù. Mo ní ohun ọmọ ẹni kò ṣeé há fún ẹlòmíràn lórí fóònù, àfi kí ọmọ dé, kí n rí ojú rẹ̀ bí ó ṣe ń sọ pé Bàbá, mo gbà. Ìwé náà wà nínú Bíbélì mi, n kò tíì fọwọ́ sí i. Mo ti dá wọn lóhùn pé Sátidé àkọ́kọ́ nínú oṣù Kejìlá lo máa wá.

Ayọ̀kànmí, jẹ́ kí n sọ òótọ́. Kwaku ti sọ fún mi pé kò sóhun tó kan ọ́ níbẹ̀, ohun tí mo fi ọwọ́ mi ṣe ni, mo lè fọwọ́ sí i lónìí. Mo ti gbé bírò lẹ́ẹ̀mejì, mo sì tún gbé e sílẹ̀. Bí mo bá fọwọ́ sí i tán, kí ni mo tún fẹ́ fi pè ọ́ wálé? Àárò rẹ ń sọ mí. Ilé yìí dákẹ́ jù. Mo kọ́ bí a ṣe ń se ọbẹ̀ ẹ̀pà bíi ti ìyá rẹ, ó sì ń pọ̀ jù fún èmi nìkan, n kò mọ bí wọ́n ṣe ń se èyí tó kéré.

Nítorí náà, fi igba sídì àti àádọ́ta ránṣẹ́ sí mi lọ́sẹ̀ yìí, má fi falẹ̀. N kò ní ná an. Owó ọkọ̀ rẹ ni, mo fẹ́ dá a padà sí ọ, kí o má bàa ní kò sí owó ọkọ̀. Bí díẹ̀ bá lé lórí rẹ̀, mo máa fi ra oògùn orúnkún.

Ó ku ọ̀rọ̀ kan. Kwaku ní ẹni tó bá fún ẹgbẹ́ ní ogún lè sọ ohun tó fẹ́ kí wọ́n máa fi rántí òun. Àwọn kan ní kí wọ́n kọ orúkọ àwọn sára ògiri. Mo ní èmi kò fẹ́ ògiri. Mo fún un ní nọ́ńbà rẹ, mo ní bí n kò bá sí mọ́, ní Sọ́ńdè àkọ́kọ́ oṣooṣù, kí ẹnì kan nínú Ẹgbẹ́ Ìkòkò máa pè ọ́, kí ó bi ọ́ bóyá o ti jẹun. Ó kọ ọ́ síbẹ̀. Hamdia lọ síta, ó pẹ́ díẹ̀ kó tó wọlé.

Ọlọ́run á ṣọ́ àlọ rẹ, á ṣọ́ àbọ̀ rẹ. Wàá dàgbà, wàá dògbó, ọmọ tìrẹ náà á wá kí ọ nílé. Ní ti iṣẹ́ tí mo rán Ẹgbẹ́ Ìkòkò sí ọ, kí Ọlọ́run má jẹ́ kí wọ́n tètè bẹ̀rẹ̀ rẹ̀.

Èmi ni bàbá rẹ,
Cornelius.