Ikọ́ tí Ìyá Mọ̀núrù Wú

                                        Agbo Ilé Aláṣọ,
                                        Ìsàlẹ̀ Gángan,
                                        Èkó.
                                        Ọjọ́ Kejìdínlógún, Oṣù Kọkànlá, 2024.

Mariyah, ọ̀rẹ́ mi àtàtà,

Ṣé àlàáfíà ni gbogbo ilé wà ní Ìjẹ̀bú-Igbó? Bàbá Abdulafeez ńkọ́, ṣé orúnkún wọn ti gbọ́ oògùn? Àwọn ọmọ ńkọ́? Ọjà ńkọ́? Mo gbọ́ pé ìjì ṣí òrùlé ìsọ̀ rẹ; Ọlọ́run á fi èyí tó dára jù ú lọ rọ́pò rẹ̀. Àwa náà ń dúpẹ́. Síìpù àti bọ́tìnnì tí mo ń tà ní Apọ́ngbọ̀n ṣì ń mú owó ọbẹ̀ wọlé. Ǹ bá fi fóònù sọ ohun tí mo fẹ́ sọ yìí, ṣùgbọ́n ó gùn, owó ìpè rẹ̀ á fẹ́rẹ̀ẹ́ tó owó mọ́tò wá sọ́dọ̀ rẹ.

Ọ̀rọ̀ ìyá ọkọ mi ni, Màmá Gángan. O mọ̀ wọ́n, àwọn ló sọ fún ọ níjọ́ ìsọmọlórúkọ Haleem pé kí o sanra díẹ̀. Dókítà wọn ní ilé ìwòsàn aládàáni kan ní Oníkan ló ní kí wọ́n lọ sinmi níbi tí afẹ́fẹ́ òkun wà. Bàbá Haleem bá sanwó òtẹ́ẹ̀lì fún èmi àti Màmá ní Àgbádárìgì. Ibẹ̀ rẹwà, n kò ní purọ́. Ṣùgbọ́n ibi tí àlejò ti ń ṣe fàájì, o mọ̀ pé àpò àlejò ni wọ́n máa ń wò. Àgbọn kan ṣoṣo létí òkun, ìlọ́po mẹ́ta iye tí à ń rà á nílé. Omi tí mo gbé láti Èkó ni mo mu.

Láàárọ̀ ọjọ́ Jímọ̀, Màmá kò lè dìde. Ara wọn gbóná, àyà wọn ń dún bí ewé gbígbẹ, mímí di iṣẹ́. Ẹni tó ni òtẹ́ẹ̀lì fi mọ́tò rẹ̀ gbé wa lọ sí ilé ìwòsàn aládàáni kékeré kan lẹ́yìn ọjà. Mariyah, mo ń bẹ̀rù àìsàn, mo sì ń bẹ̀rù owó. Àlejò ni wá, a ò mọ ẹnì kan níbẹ̀. Mo ti gbà lọ́kàn mi pé gèlè mi ni wọn yóò kọ́kọ́ wò kí wọ́n tó wo aláìsàn. Mo bi obìnrin tó jókòó lẹ́nu ọ̀nà pé èló ni. Ó ní, "Ẹ jẹ́ kí Màmá kọ́kọ́ mí ná, Mọ́mì." Kí n tó tú owó létí ìró mi, Màmá ti wà lórí bẹ́ẹ̀dì, afẹ́fẹ́ ti wà nímú wọn.

Dókítà, ọ̀dọ́mọkùnrin kan tí ara rẹ̀ balẹ̀, ní òtútù àyà ni, pé abẹ́rẹ́ gbọ́dọ̀ wọlé kíákíá. Ó wá béèrè bóyá oògùn kan wà tí kì í bá Màmá lára mu. Lọ́dún tó kọjá, abẹ́rẹ́ kan tí wọ́n gbà ní Oníkan wú wọn lójú, ọ̀fun wọn sì fẹ́rẹ̀ẹ́ dí pa. N kò mọ orúkọ abẹ́rẹ́ náà. Dókítà ní òun kò ní fi ẹ̀mí ìyá wa ta tẹ́tẹ́, ó bá pe Oníkan. Àwọn tọ̀hún ní gbogbo rẹ̀ wà lọ́wọ́ àwọn, kí a ṣáà sọ orúkọ aláìsàn. Màmá kò lè sọ̀rọ̀, gbogbo wọn bá yíjú sí mi.

Ọ̀rẹ́ mi, má rẹ́rìn-ín. Láti ọdún mẹ́rìnlélógún tí mo ti wọ ilé yìí, Màmá Gángan ni mo mọ̀. Ṣé ìwọ náà mọ orúkọ tí wọ́n sọ ìyá ọkọ rẹ? Ta ni yóò pè é létí ìyàwó? Káàdì ìdánimọ̀ Màmá wà nínú àpótí nílé, kọ́kọ́rọ́ àpótí sì wà lábẹ́ ìró wọn ní Àgbádárìgì. Mo pe Bàbá Haleem, kò lọ. Jímọ̀ ti bẹ̀rẹ̀. Gbogbo ọkùnrin ilé wa wà ní mọ́sáláṣí, wọ́n ti pa fóònù.

Àwọn ìyàwó nìkan ló kù nílé. Mo bá pe Ìyá Mọ̀núrù, ìyàwó àgbà agbo ilé wa. Ìyá Mọ̀núrù mọ orúkọ náà, nítorí wọ́n bá ìyá tó bí Màmá láyé. Ṣùgbọ́n wọ́n kọ̀. Wọ́n ní, "Àdìjátù, láti ìgbà tí mo ti wọ ilé yìí n ò pè é rí. Ọjọ́ tí àìsàn dá wọn dúbúlẹ̀ ni n ó wá pè é? Tí nǹkan bá ṣe wọ́n, ta ni wọn yóò sọ pé ó fà á?" Mo bẹ̀bẹ̀, mo sunkún. Àwọn náà ń sunkún lọ́hùn-ún, wọn kò sì pè é. N kò bínú. Bó bá jẹ́ èmi, bóyá bẹ́ẹ̀ náà ni n ó ṣe.

Mátírọ̀nù ibẹ̀, Alhaja Afusat, obìnrin tí kò ju èmi àtìrẹ lọ, gba fóònù lọ́wọ́ mi, ó tẹ̀ ẹ́ kí gbogbo wa lè máa gbọ́. Mo rò pé yóò jágbe. Ó kí Ìyá Mọ̀núrù dáadáa, ó ní ìyàwó ilé ni òun náà ní Ẹ̀pẹ́, òun kò pe orúkọ ìyá ọkọ òun rí. Ó ní, "Ìyá mi, ẹ má pè é. Èmi ni n ó máa pe orúkọ lóríṣiríṣi. Tí mo bá kàn án, ẹ ṣáà wúkọ́."

Ìyá Mọ̀núrù béèrè, "Ikọ́ nìkan?"

"Ikọ́ nìkan. Kò sẹ́ni tó ń dá ìyàwó lẹ́bi ikọ́."

Ó bẹ̀rẹ̀. Sàfúrátù. Kẹ́kẹ́ pa. Rábíátù. Kẹ́kẹ́ pa. Ó dé Síkírátù, ikọ́ dún. Dókítà ti gbé bírò, àfi bí Ìyá Mọ̀núrù ṣe ní, "Rárá o, ìyẹn ikọ́ tèmi ni, èéfín ló fà á." Mátírọ̀nù tún mú un lọ. Obìnrin ẹnu ọ̀nà ń bá a rántí orúkọ, aláìsàn tó jókòó lórí bẹ́ńṣì náà ń dá sí i. Ó wá kan ọ̀kan, tí n kò ní kọ síbí nítorí ìwé kì í pa àṣírí mọ́, Ìyá Mọ̀núrù sì wúkọ́ bí ẹni tí eegun ẹja há lọ́fun. Wọ́n tún un wú, kí ó má baà sí iyèméjì.

Oníkan rí i lójú ẹsẹ̀, wọ́n dárúkọ abẹ́rẹ́ burúkú náà, dókítà sì fún Màmá ní òmíràn. Kí a tó kí Àlàásárì, mímí wọn ti ń rọlẹ̀.

Owó wọn kò kéré. Ṣùgbọ́n mo bi ọmọ ìlú kan tó wá síbẹ̀, iye tó ń san náà ni èmi àlejò ń san. Nígbà tí a ń lọ, wọ́n dá owó omi kan tí wọ́n fẹ́ fà sí Màmá lára tí wọn kò lò padà fún mi, n kò sì béèrè. Èmi tí mo ń tajà ní Apọ́ngbọ̀n, n kò rí irú rẹ̀ rí. Bí o bá ń mú ìyá rẹ rìnrìn àjò, wádìí oògùn tí kò bá wọn lára mu kí ẹ tó kúrò nílé.

Ọjọ́ kejì tí a dé ilé ìwòsàn náà, Mátírọ̀nù fi orúkọ kí Màmá. Wọ́n la ojú, wọ́n wò mí. "Ìyàwó, ta ló sọ ọ́ fún wọn?"

Mo ní, "Màmá, kò sẹ́ni tó sọ ọ́. Ìyá Mọ̀núrù ló wúkọ́." Wọ́n kọjú sí ògiri. Mo rò pé inú ń bí wọn, kí n tó rí i pé èjìká wọn ń gbọ̀n fún ẹ̀rín.

Bá mi kí Bàbá Abdulafeez, kí o bá mi kí Khairiyyah àti ọmọ tuntun ọwọ́ rẹ̀. Haleem ní kí n kí ọ. Mo fẹ́ dáwọ́ dúró báyìí, nítorí Ìyá Mọ̀núrù ṣẹ̀ṣẹ̀ wúkọ́ nínú ilé ìdáná, Màmá sì ti dáhùn láti yàrá pé, "Ó dáa, mo gbọ́, mo ń bọ̀." Bí wọ́n ṣe ń ṣe láti ọjọ́ tí a ti dé nìyẹn. Èwo ni èéfín, èwo ni ìpè, n kò mọ̀ mọ́.

                                        Èmi ni, tìrẹ tọkàntọkàn,
                                        Àdìjátù, Ìyá Haleem.